Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Dání? Ìfiwéra Àwọn Ibi Tí A Lè Kó Fáìlì Kọ̀ǹpútà Wa Pamọ́ Sí Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìdó-Èkìtì, ló gbé láptọ́ọ̀pù wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Adó. Nítorí òjò, inú àpò ìrẹsì ni wọ́n wé e sí. Fláàṣì tí wọ́n ń kó nǹkan sí ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé láptọ́ọ̀pù ló kàn. Mo ṣí i. Mo bá ìwé sọ̀fíyè ilẹ̀ ẹbí níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ, ìwé owó ìfẹ̀yìntì, fídíò ìsìnkú ìyá wọn, fọ́tò lóríṣiríṣi. Mo tún bá ohùn àwọn ìyá àgbà tí Bàbá fi fóònù gbà sílẹ̀ láti agboolé dé agboolé, tí wọ́n ń ki oríkì. Mẹ́rin nínú àwọn ìyá náà ti kú. Gbogbo ẹrù yìí jẹ́ 41 GB.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká kó o sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí olè bá gbé láptọ́ọ̀pù, kò ní lè gbé ìyẹn."

Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn. "Ọmọ mi, àwọn tí o fẹ́ kó o sí lọ́dọ̀ yìí, ṣé wọn ò ní máa tú u wò?"

Ó pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, àti òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe irú iṣẹ́ yìí. Iye gíìgì ni wọ́n máa ń bi mí, wọ́n á sì béèrè iye owó. Bàbá ló kọ́kọ́ bi mí ní ohun tó yẹ kí gbogbo wọn ti máa bi mí. Mo ní kí wọ́n fún mi lọ́jọ́ mélòó kan. Mo jókòó, mo tẹ́ àwọn ilé ìpamọ́ wọ̀nyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ohun tí mo sì rí nìyí.

## Àrokò àti ìránṣẹ́

Láyé àtijọ́, bí ọba bá di àrokò ránṣẹ́ sí ọba ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ìránṣẹ́ lè rí owó ẹyọ àti ìyẹ́ tó wà nínú ẹrù náà kó má sì mọ ohun tí wọ́n ń wí. Bí wọ́n ṣe ń ti fáìlì pa lórí kọ̀ǹpútà náà nìyẹn: ẹni tó bá jí i yóò kàn bá òǹkà àti lẹ́tà tí kò nítumọ̀. Bí ẹ bá bi àwọn ilé iṣẹ́ tí mo fẹ́ dárúkọ yìí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á sọ fún yín pé AES-256 làwọn ń lò, òótọ́ sì ni. Kò sí ẹni tó lè já irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ nípa dídán kọ́kọ́rọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí AES-256 tí wọ́n kọ gàdàgbà sójú ìpolówó dá yín lọ́rùn. Ọjà kan náà ni gbogbo wọn ti ra àgádágodo.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ẹni tó mọ ìtumọ̀ àrokò. Lọ́dọ̀ àwọn kan, ẹ̀yin àti ìránṣẹ́ lẹ jọ mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ àwọn mìíràn, ẹ̀yin nìkan ni.

## Bí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ wọn

Google Drive, OneDrive ti Microsoft àti Dropbox ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Wọ́n ń ti fáìlì pa lójú ọ̀nà, wọ́n sì ń tì í pa níbi tí wọ́n kó o sí, ṣùgbọ́n àwọn ló ni kọ́kọ́rọ́. Bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ fún wọn, wọ́n lè ṣí i. Ẹ̀rọ wọn náà lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí òfin kọ̀ wà níbẹ̀. Lọ́dún 2022, ìwé ìròyìn New York Times gbé ọ̀rọ̀ bàbá kan jáde ní Amẹ́ríkà tó ya fọ́tò ara ọmọ rẹ̀ kékeré tó ń ṣàìsàn, kó lè fi han dókítà. Fóònù ti gbé fọ́tò náà lọ sórí àkáǹtì Google rẹ̀. Ẹ̀rọ rò pé ìwà ìbàjẹ́ ni, wọ́n sì ti àkáǹtì náà pa. Ọlọ́pàá wádìí, wọ́n ní kò ṣẹ̀, síbẹ̀ Google ò dá àkáǹtì padà fún un.

Ìdáhùn ìbéèrè Bàbá nìyẹn. Wọ́n lè tú u wò.

Kí n má sì bà wọ́n lórúkọ jẹ́ ṣá o. Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn yìí náà ló ń yọ èèyàn nígbà tó bá gbàgbé páásíwọọ̀dù, nínú ṣọ́ọ̀bù mi sì rèé, ẹni tó gbàgbé páásíwọọ̀dù pọ̀ ju ẹni tí ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì jà lólè lọ fíìfíì. Lórí Drive, ẹ lè fi orúkọ wá fáìlì, ẹ lè ṣí i lórí fóònù ẹlòmíì, ẹ lè fi líǹkì kan ṣoṣo pín in fún ọmọ yín tó wà ní Kánádà. Google ń fúnni ní 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ímeèlì àti fọ́tò jọ ń jẹ nínú rẹ̀. OneDrive ń fúnni ní 5 GB, Dropbox ní 2 GB péré.

Kòtò kan wà níbẹ̀ tí mi ò fẹ́ kí ẹ jìn sí. Láti December 2023 ni Google ti lè pa àkáǹtì rẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án fún ọdún méjì. Ẹni tó bá ṣí ímeèlì kan nítorí fọ́tò ìgbéyàwó, tí kò sì wọ̀ ọ́ mọ́ láti ìgbà náà, kó lọ wọ̀ ọ́ lónìí.

## Bí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ yín

Proton Drive láti Switzerland, MEGA láti New Zealand, Sync.com láti Kánádà àti Tresorit, orí láptọ́ọ̀pù yín gan-an ni wọ́n ti ń ti fáìlì pa kó tó gbéra. Bí ó ṣe dì ní àrokò ló ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ kà á, wọn ò ní ohun tí wọ́n máa fi ṣí i.

pCloud fẹ́ jọ wọ́n, ẹ sì ní láti la ojú yín dáadáa. Fólídà kan péré ni wọ́n ń tì báyìí, Crypto lorúkọ rẹ̀, owó ọ̀tọ̀ lẹ sì máa san lórí rẹ̀. Èyí tó kù nínú àkáǹtì yín, ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Mo mọ ẹni tó rò pé gbogbo ẹrù òun ló wà lábẹ́ àgádágodo nítorí pé ó kà á nínú ìpolówó.

Ẹnu ìpolówó dùn lóòótọ́. Lọ́dún 2022, àwọn olùwádìí ní yunifásítì ETH Zürich fi hàn pé ọ̀nà tí MEGA ń gbà ti nǹkan pa ní àlébù tó lè jẹ́ kí ẹni tó bá gba ẹ̀rọ MEGA fúnra rẹ̀ já kọ́kọ́rọ́ oníbàárà. MEGA tún un ṣe. Lọ́dún 2024, ilé ẹ̀kọ́ kan náà tún rí àlébù lára mélòó kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Sync, pCloud àti Tresorit wà lára wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Tresorit kò burú tó tàwọn yòókù. Èyí ò sọ pé kẹ́ ẹ sá fún wọn. Ìjà tí àwọn olùwádìí ń sọ kì í ṣe ti olè àdúgbò, ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ ni pé áàpù tí gbogbo ayé lè tú inú rẹ̀ wò sàn ju èyí tí olówó rẹ̀ nìkan mọ inú rẹ̀.

Irú áàpù bẹ́ẹ̀ ni Cryptomator, iṣẹ́ àwọn ará Jámánì. Òun fúnra rẹ̀ kì í kó fáìlì pamọ́. Á ṣẹ̀dá fólídà alágàádágodo sínú Google Drive tàbí OneDrive tí ẹ ti ní, ohun tí ẹ bá jù sínú rẹ̀ á di àrokò, àti orúkọ fáìlì pàápàá. Ọ̀fẹ́ ni lórí kọ̀ǹpútà, ẹ máa san owó ẹ̀ẹ̀kan lórí Android. Àpótí tiwọn, àgádágodo tiyín. Agbẹjọ́rò kan lẹ́bàá Fájuyì ni mo kọ́kọ́ ṣe é fún, wọn ò sì tíì pè mí pé ó dà rú.

Ohun tó wà nídìí gbogbo ìwọ̀nyí ni pé kò sí ẹni tí ẹ máa lọ bẹ̀ bí ẹ bá gbàgbé páásíwọọ̀dù. Proton á fún yín ní ọ̀rọ̀ 12 kí ẹ kọ pamọ́, MEGA á fún yín ní kọ́kọ́rọ́ àfidípò, Cryptomator náà ní tirẹ̀. Bí páásíwọọ̀dù bá lọ, tí ìyẹn náà sì lọ, fáìlì wà níbẹ̀ o, ẹ̀yin àti olè ti di ẹgbẹ́.

## Sínkì kì í ṣe ìpamọ́

Gbogbo ohun tí mo ti dárúkọ bọ̀, sínkì ni iṣẹ́ wọn: bí fólídà bá ṣe rí lórí láptọ́ọ̀pù ni yóò ṣe rí lókè. Ojú èmi gan-an ti rí màbo níbẹ̀. Láptọ́ọ̀pù ṣọ́ọ̀bù kún, mo pa fólídà iṣẹ́ oníbàárà kan rẹ́, mo ní ó ṣáà wà lókè. Kò pẹ́, tòkè náà bá a lọ. Inú àkìtàn rẹ̀, ìyẹn trash, ni mo ti ṣà á padà, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni Drive sì ń tọ́jú ohun tó bá wà níbẹ̀. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni oníbàárà mi padà wá.

Bákan náà ni tàwọn ọlọ́ṣà tó ń ti fáìlì èèyàn pa kí wọ́n tó béèrè owó ìtúsílẹ̀, irú WannaCry tó da ilé ìwòsàn rú ní Ìlú Ọba ní May 2017. Sínkì á gbé fáìlì tó ti bàjẹ́ lọ sókè, á fi rọ́pò èyí tó dáa. Ibi tí wọ́n bá ń tọ́jú ẹ̀dà àná àti ti ìjẹta nìkan lèèyàn ti lè bọ́.

Backblaze àti IDrive, àwọn ará Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ìpamọ́ gan-an ni wọ́n ń ṣe. IDrive ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì kan títí dé 30, kì í sì í pa nǹkan rẹ́ lókè nítorí pé ẹ pa á rẹ́ nílẹ̀. Ẹ lè yan kọ́kọ́rọ́ tiyín lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ bá ń ṣí àkáǹtì lẹ máa yàn án. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré kọjá ojú ìwé yẹn. Backblaze kì í ka gíìgì, gbogbo ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà kan ló ń kó ní iye kan náà, ẹ sì lè fi kọ́kọ́rọ́ tiyín kún un. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba fáìlì padà lójú òpó wọn, ẹ ní láti tẹ kọ́kọ́rọ́ náà fún wọn. Àrokò tí èèyàn ní láti túmọ̀ létí ìránṣẹ́ kó tó gbà á, n kò lè pè é ní àṣírí pátápátá.

## Iná, dátà, àti 41 GB

Àwọn tó ń kọ ìfiwéra yìí lókè òkun kì í dé ibí, nítorí iná kì í ṣe ìṣòro wọn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ní ti Adó. Bí nẹ́tíwọọ̀kì bá ń gbé nǹkan lọ sókè ní megabit 2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 41 GB á gba nǹkan bíi wákàtí 45 àti ààbọ̀ láìdúró. Bí iná àti nẹ́tíwọọ̀kì bá jọ pàdé fún wákàtí mẹ́rin lóòjọ́, ó di ọjọ́ mọ́kànlá ó lé díẹ̀. Dátà tí yóò jẹ náà jẹ́ 41 GB, owó dátà sì ti gbẹ́nu sókè láti ìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, ti fọwọ́ sí àfikún tó lè tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ní January 2025. Ẹni tó bá ní Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti ojú ọ̀run wá, tó ti wọ Nàìjíríà láti January 2023, lè rẹ́rìn-ín sí ìṣirò mi. Ẹni tó ń lo hotspot fóònù kò ní rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, áàpù tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé lẹ́yìn tí iná bá lọ ló dára fún wa. Èyí ló jẹ́ kí n fẹ́ràn Cryptomator ju VeraCrypt, áàpù àgádágodo mìíràn, lọ fún ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Cryptomator ń ti fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà bí ẹ bá tún gbólóhùn kan kọ, fáìlì kan ṣoṣo yẹn ni yóò gbéra. VeraCrypt máa ń di gbogbo ẹrù sínú àpótí gbàràmù kan, ní ọ̀pọ̀ ibi sì rèé, bí ẹ bá fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ inú rẹ̀, gbogbo àpótí ni wọ́n á tún rù. Ilé ni VeraCrypt dára fún, lórí háàdì dráìfù tí ẹ ń fi okùn so mọ́ kọ̀ǹpútà.

Háàdì dráìfù yẹn kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní March 14, 2024, okùn abẹ́ òkun mélòó kan já ní agbègbè Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì wọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà, báńkì pàápàá dákẹ́. Ní March 10, 2021, iná jó ilé ẹ̀rọ OVH, ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn kó fáìlì pamọ́, ní Strasbourg nílẹ̀ Faransé, àwọn oníbàárà kan tí ẹ̀dà ìpamọ́ wọn wà nínú ọgbà kan náà sì pàdánù méjèèjì. Cloud tí wọ́n ń pe ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí, ilé ni, ó lórùlé.

## Ọ̀rọ̀ owó

Google One ń gba náírà. Dọ́là ni Backblaze ń gbà, 99 lọ́dún láti 2023, Proton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà sì ń fi owó òkèèrè ka tiwọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ báńkì yín bóyá kádì náírà yín á san án, kí ẹ sì béèrè ti ọdún tó ń bọ̀. Bí owó ọdún kejì kò bá wọlé, ibi ìpamọ́ di ibi tí wọ́n ti ń lé ayálégbé jáde.

Àwọn kan ń ta àyè "ìgbà ayé", ẹ san án lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ìgbà ayé ta ni, tiyín tàbí tilé iṣẹ́ náà? Lọ́dún 2017, CrashPlan, ilé iṣẹ́ ìpamọ́ kan, kéde pé àwọn ò ṣe ti oníbàárà inú ilé mọ́, ilé iṣẹ́ nìkan làwọn kù fún. Ẹrù àwọn èèyàn ṣì wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà.

| Iṣẹ́ | Kọ́kọ́rọ́ | Àyè ọ̀fẹ́ | Bí ẹ bá gbàgbé páásíwọọ̀dù |
|---|---|---|---|
| Google Drive | tiwọn | 15 GB | wọ́n lè gbà yín wọlé |
| OneDrive | tiwọn | 5 GB | wọ́n lè gbà yín wọlé |
| Dropbox | tiwọn | 2 GB | wọ́n lè gbà yín wọlé |
| Proton Drive | tiyín | 5 GB | ọ̀rọ̀ 12 yín |
| MEGA | tiyín | 20 GB | kọ́kọ́rọ́ àfidípò nìkan |
| Cryptomator lórí Drive | tiyín | àyè Drive yín | kọ́kọ́rọ́ àfidípò nìkan |
| IDrive | ẹ̀yin lẹ máa yàn | 10 GB | bí ẹ bá yan tiyín, ó parí |
| Backblaze | ẹ̀yin lẹ máa yàn | kò sí | bí ẹ bá yan tiyín, ó parí |

## Ta ló yẹ kó mú èwo

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ projẹ́ẹ̀tì, Google Drive ti tó o. Ta ló fẹ́ jí Chapter Two rẹ? Nọ́ọ̀sì, agbẹjọ́rò, olùdámọ̀ràn ilé ìwé, ẹnikẹ́ni tí àṣírí ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó lo Proton tàbí Cryptomator, òfin ìdáàbòbò dátà tó ti wà nílẹ̀ yìí láti 2023 kò sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ayàwòrán tó ní fídíò ìnáwó tó kún inú terabyte (ẹgbẹ̀rún kan GB), Backblaze ló bá a lára jù bí ó bá ní nẹ́tíwọọ̀kì tó gbóná àti kádì dọ́là. Bí kò bá ní, kó ra háàdì dráìfù méjì, kó gbé ọ̀kan síta ilé.

Ní ti Bàbá, mo ti pinnu kí wọ́n tó padà wá pé Proton ni, kí á ti gbogbo rẹ̀ pa. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ fún wọn tán, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Ìwé ilẹ̀, tì í. Oríkì ńkọ́? Ṣé àṣírí ni oríkì ni? Bí mo bá kú, tí wọn ò rí bébà tí mo kọ ọ̀rọ̀ méjìlá rẹ sí, ṣé àwọn ìyá yẹn ò tún kú lẹ́ẹ̀kejì?"

N kò ní èsì. Gbogbo ìfiwéra tí mo ti ṣe, bí ará ìta ò ṣe ní wọlé ni mo ń wá. Wọ́n ti ronú kan bí ará ilé ṣe máa wọlé.

A wá pín ẹrù náà sí mẹ́ta. Ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí àti ti owó ìfẹ̀yìntì ò pé 1 GB, a kó wọn sí Proton Drive. Ohùn oríkì jẹ́ 6 GB, a kó o sí Google Drive láìfi àgádágodo tiwa sí i, a sì pín in fún àwọn ọmọ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí olúkúlùkù gbé ẹ̀dà tirẹ̀ sílẹ̀. Fídíò àti fọ́tò tó kù, 34 GB, wà lórí háàdì dráìfù méjì: ọ̀kan ní Ìdó, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọmọbìnrin wọn ní Ìkẹ́rẹ́. Gíìgì méje péré ló gun íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì parí ní òru méjì. Wọn ò san dọ́là kankan.

Ọ̀rọ̀ 12 ti Proton, Bàbá fi gègé kọ ọ́ sórí bébà méjì. Ọ̀kan wà nínú Bíbélì wọn. Ìkejì wà nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa, lọ́dọ̀ àbúrò wọn tó jẹ́ olórí ẹbí, láìkọ orúkọ Proton sí i lára. Ìyẹn, ẹnu ni wọ́n fi sọ.

Ó ku ká dán an wò. Ẹni tí kò bá tíì gba fáìlì kan padà rí kò tíì mọ̀ bóyá òun kó nǹkan pamọ́. Mo ṣí kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò mọ Bàbá rí, a wọ àkáǹtì, a gba ìwé sọ̀fíyè sílẹ̀, ó ṣí. A gba ohùn kan sílẹ̀. Ìyá àgbà kan wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí ki àwọn ará agboolé kan, Bàbá sì ń bá a gbè é lẹ́sẹẹsẹ títí wọ́n fi wo ojú fóònù mi tí mo fi ń tan hotspot.

"Pa á, pa á. Dátà rẹ ń lọ."